Ayaba Ṣébà Kò Wọ Rélùwéè

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lóko, kó fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á.

Ní Sunday School àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 10 là ń kà, níbi tí ayaba Ṣébà ti wá fi ìbéèrè dán Sólómọ́nì wò. Ọmọkùnrin kan, kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, gbé ọwọ́ sókè. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, King James, ló ṣí sórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Daddy, ṣé train ti wà láyé Sólómọ́nì ni? Wọ́n ní ayaba yìí kó train ńlá wá sí Jerúsálẹ́mù." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó béèrè ti kàwé nìyẹn, àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn dáadáa. Train tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń fọn fèrè ní Mọ́níyà. Àwọn èrò ayaba ni: ìránṣẹ́, ẹ̀ṣọ́, ràkúnmí tó ru ohun olóòórùn dídùn àti wúrà, gbogbo wọn tò tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kàn ń sọ ọ́ láìfi ọkàn sí i ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí lẹ ń pe àwọn ọmọge tó ran aṣọ kan náà tí wọ́n ń jó tẹ̀lé ìyàwó wọlé? Bridal train. Ta ló rí irin lẹ́sẹ̀ wọn?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ló ti wọlé, àwọn Faransé náà sì gbà á láti inú Látìn, èdè àwọn ará Róòmù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ kò le rárá: kí èèyàn fa nǹkan. Kí ó wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìdí aṣọ gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ọba, train ni. Ìdí nìyẹn tí King James fi lo ọ̀rọ̀ kan náà nínú Aísáyà orí 6, níbi tí wòlíì ti rí Olúwa lórí ìtẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kún tẹ́mpìlì. Bíbélì Yorùbá tiwa sọ ọ́ tààrà pé ìṣẹ́tí aṣọ ni. Àwọn èrò tó ń tẹ̀lé ọba náà di train. Ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìbọn ńlá lọ sójú ogun di train. Ẹ̀yin àgbẹ̀, tractor tí ẹ ń pè ní katakátá, láti inú ìdí ọ̀rọ̀ Látìn kan náà ló ti jáde. Ẹni tó ń fà ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó wá di 1825 tí wọ́n ṣí ojú irin Stockton àti Darlington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀rọ kan tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ fa ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù àti èèyàn, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é. Ẹ kíyè sí i o. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń wò ni àwọn tí a fà, kì í ṣe orí tó ń fà wọ́n. Ìyẹn yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Orí ló ń fọn fèrè, orí ló ń tú èéfín, àwọn tó wà lẹ́yìn ló sì gba orúkọ.

Àwọn bàbá wa ńkọ́? Wọn ò mú train. Rélùwéè ni wọ́n mú. Rélùwéè kì í sì í ṣe orúkọ ọkọ̀ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ni. Irin gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni rail, way sì ni ọ̀nà. Rail fúnra rẹ̀, inú Látìn náà ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀pá tó tọ́, irú èyí tí ọmọ iléèwé fi ń fa ìlà. Ọ̀nà onírin tó tọ́. Òun làwọn baba wa mú tí wọ́n fi sórí ọkọ̀: rélùwéè ti dé, rélùwéè ti lọ, rélùwéè já a sílẹ̀.

Àwọn kan á ní àìmọ̀wé ni. A ò gbà. Ẹ wo bí nǹkan náà ṣe dé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó. Wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá. Nígbà tí 1900 fi máa parí, irin ti dé Ìbàdàn, oṣù kẹta 1901 ni wọ́n sì ṣí i ní gbangba. Nígbà tó di 1907, ó ti gba Lálúpọn ní Lágelú kọjá dé Òṣogbo. Fún ọdún mélòó kan gbáko, ọ̀nà làwọn èèyàn ń rí: wọ́n ń gé igbó, wọ́n ń la òkè, wọ́n ń to igi, wọ́n ń de irin mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ló gbà. Ọ̀nà ti ní orúkọ kí ohun tó máa gba orí rẹ̀ tó yọ lókèèrè. Nígbà tí òun náà wá dé, tó ń sọ fàkàfìkì fàkàfìkì bọ̀, kí ni ká tún máa wá orúkọ mìíràn kiri fún? Ní tiwa, bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ la ṣe sí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni motor lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, àwa fi pe odidi ọkọ̀: mọ́tò. Ẹni tó ń wọ Márúwá láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Mọ́níyà, orúkọ ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ṣe gómìnà Èkó rí ló ń wọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bú wa. Kódà àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù àkọ́kọ́, nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orúkọ ọ̀nà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, kí ẹnikẹ́ni ní Áńtíókù tó pe wọ́n ní Kristẹni. Orúkọ ọ̀nà lè di orúkọ ohun tó ń rìn lórí rẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ló fún wa ní ọkọ̀ ojú irin, rédíò àti ìwé iléèwé sì gbé e káàkiri. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú òun náà wò. Ọkọ̀, kí mọ́tò tó dé, orí omi ló wà. Ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́ ni. (Ẹ má pè é mọ́ ọkọ́ tí ẹ fi ń kọ ebè o, ẹ má sì pè é mọ́ ọkọ tó ń bínú nílé.) Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú Bíbélì Yorùbá, ọkọ̀ ni Nóà kàn, ọkọ̀ ni Pétérù fi ń pẹja. Ṣùgbọ́n ohun tó yọ nígbà tí Èlíjà ń lọ sókè, kẹ̀kẹ́ iná ni. Ohun tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà jókòó lé tó ń ka Aísáyà, kẹ̀kẹ́ ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ ìyàtọ̀: èyí tó ní ẹsẹ̀ tó ń yí lórí ilẹ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́, èyí tó ń léfòó jẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ayé yí, tí ọkọ̀ gun òkè wá. Ó di ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú irin, tó fi jẹ́ pé èyí tó wà lórí omi látìbẹ̀rẹ̀ ló wá ń wá àfikún báyìí, a ní láti pè é ní ọkọ̀ ojú omi kí ẹni tó ń gbọ́ má baà rò pé dáńfó là ń sọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ẹ lọ sí ọjà màlúù ní Akínyẹlé, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa Hausa. Jirgin kasa ni wọ́n ń pe rélùwéè. Jirgi ni ọkọ̀ ojú omi, kasa ni ilẹ̀: ọkọ̀ omi tó ń rìn nílẹ̀. Àwọn Ígbò náà ní ụgbọ, ọkọ̀ ojú omi ni, òun ni wọ́n fi ń pe rélùwéè, mọ́tò àti ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n á kàn fi àfikún sí i. Èdè mẹ́ta, ibi kan náà ni wọ́n fi ọwọ́ bà. Ẹ sì wo ibi tí rélùwéè ti ń gbéra ní Èkó títí dòní: Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Ṣebí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ là ń pè ní ẹ̀bùté?

Ó dáa. Kí ló dé tí pásítọ̀ yín fi jókòó ti ọ̀rọ̀ rélùwéè láti àárọ̀?

Ní ọjọ́ ọpẹ́ tó kọjá, màmá kan nínú ìjọ wa jáde wá láti jẹ́rìí. (A ti gba àyè lọ́wọ́ wọn kí a tó kọ èyí, wọ́n ní ká má sọ orúkọ.) Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn lábúlé kan tó kọjá Mọ́níyà, gàrí ni wọ́n ń yan. Wọ́n gba máíìkì, wọ́n kọ orin, a gbe orin, wọ́n wá ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Mo wọ rélùwéè lọ sí Èkó..." Ẹnì kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ pariwo pé, "Train ni, Màmá!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni, a mọ̀, kò sí ìkórìíra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá dúró. Wọ́n wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa" lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dá máíìkì padà, wọ́n lọ jókòó. Kí àwọn aṣọ́nà tó gba ọrẹ tán, ọkùnrin kan tó jókòó ní àga ìkẹyìn ti dìde, ó ti jáde.

A ò tíì mọ ẹni tó jẹ́ nígbà yẹn. A máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ eléyìí fún ẹ̀yin tó ń tún Gẹ̀ẹ́sì Màmá ṣe. Màmá yẹn mọ train jù yín lọ. Ẹ lọ sí abúlé èyíkéyìí láti Akínyẹlé títí dé Ọ̀nà-Àrà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan bó ṣe ṣe ọmọ rẹ̀. Á ní, "Gàrí ni mo fi train wọn." "Mo fi kòkó train ẹ̀gbọ́n ẹ." "Èmi nìkan ni mo train wọn lẹ́yìn tí bàbá wọn kú." Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹnu àwọn ìyá wa, train kì í ṣe ọkọ̀. Owó iléèwé ni. Yúnífọ́ọ̀mù ni. Owó WAEC ni. Ìyà ọdún mẹ́wàá, ọdún márùndínlógún ni.

Wọn ò sì ṣì í lò. Òwe Sólómọ́nì orí 22, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa títọ́ ọmọ, train náà ni King James lò níbẹ̀, láti ìdí ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí fífà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ló jọ pé ìtumọ̀ yẹn ti wá. Wọ́n máa ń fa ẹ̀ka igi tàbí ìtàkùn èso síbi tí wọ́n fẹ́ kó gbà, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá, kó má baà ráko lọ síbi tó wù ú. Ẹ̀yin tó ń gbin iṣu, ṣé ẹ nílò àlàyé? Tí ìtàkùn iṣu bá yọ, ẹ ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, ẹ ó fà á mọ́ ọn. Èyí tí a ò fà, inú koríko ló máa wọ̀.

Abúlé ní Lágelú ni wọ́n ti tọ́ àwa náà, kò jìnnà sí téṣàn Lálúpọn. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni ìyá wa ń tà níbẹ̀, nígbà àgbàdo wọ́n á se àgbàdo. Bí rélùwéè bá ti fọn fèrè ní ọ̀nà jíjìn, gbogbo àwọn obìnrin á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, igbá lórí, ọmọ lẹ́yìn. Kì í dúró pẹ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń tajà, èrò á na owó síta, ìyá wa á na ẹ̀kọ wọlé. Nígbà mìíràn rélùwéè á ti gbéra kí ṣéńjì tó pé, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé e lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn láti dá owó olówó padà. A bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó máa lọ, ṣebí ẹni yẹn ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ó máa tún gba ibí kọjá." Owó téṣàn yẹn ni wọ́n fi train ọmọ márùn-ún. Ìyá wa ò pè é ní train lọ́jọ́ kan rí títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa. Rélùwéè ni wọ́n ń pè é.

Téṣàn Lálúpọn kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Mọ́níyà ni ariwo wà báyìí, níbi tí ojú irin tuntun láti Èkó parí sí, kìlómítà 157, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹfà 2021, tí wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe téṣàn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ̀: ọkọ̀ ti Mọ́níyà ò lè gun irin Lálúpọn. Irin àtijọ́, àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6. Ti tuntun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 ààbọ̀. Lágelú àti Akínyẹlé pa ààlà, irin wọn ò bá ara wọn mu.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí a fẹ́ràn jù. Kóòṣì. Àwọn ilé gígùn tí èrò ń jókòó sí nínú rélùwéè, kóòṣì ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ ó gbọ́ ọ ní Mọ́níyà: "Kóòṣì kejì ni tíkẹ́ẹ̀tì yín." Orúkọ abúlé ni. Abúlé kan wà ní Họ́ńgárì tó ń jẹ́ Kocs, lójú ọ̀nà láàárín Vienna àti Budapest. Àwọn tó ń kan kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn mọ iṣẹ́ wọn débi pé gbogbo Yúróòpù ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ Kocs. Jámánì sọ ọ́ di Kutsche, Faransé ní coche, Gẹ̀ẹ́sì ní coach. Abúlé lásán o! Tí ẹnì kan bá tún fi ojú ẹni tó wá láti abúlé wò yín ní Èkó, ẹ sọ fún un pé inú orúkọ abúlé ló jókòó sí dé ibi iṣẹ́.

Nígbà tó sì di nǹkan bí 1830, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford bẹ̀rẹ̀ sí í fi coach ṣe ẹ̀fẹ̀ pe olùkọ́ tó bá ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè yege ìdánwò, bí ẹni pé ó gbé wọn sẹ́yìn kọjá. Ibẹ̀ la ti rí kóòṣì bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ rí i, train àti kóòṣì, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì parí sórí ẹni tó ń gbé ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màmá. Ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ ọpẹ́ yẹn, àwa àti ìyàwó wa lọ kí wọn. Wọ́n ń yan gàrí, wọn ò dìde, èéfín ń ba ojú wa. A ní, "Màmá, ẹ parí ẹ̀rí yín fún wa." Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìyàwó wa gba igbá ìyangàrí lọ́wọ́ wọn, ó jókòó sídìí iná. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ wọn kejì ni wọ́n lọ bá ní Èkó. Wọ́n train rẹ̀ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó rí iṣẹ́, ó ń fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ibi iṣẹ́ dá a dúró. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fún ọdún mẹ́rin kò wá sílé, kò wá Kérésì, kò wá nígbà tí wọ́n sin àbúrò bàbá rẹ̀. Á kàn pè lórí fóònù pé iṣẹ́ pọ̀. Màmá ní, "Ohùn ọmọ mi kì í ṣe ohùn ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún." Ọmọ aládùúgbò kan bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọ rélùwéè ní Mọ́níyà, wọ́n sọ̀ ní Agége. Wọn ò sọ fún ọmọ náà pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n bá a nínú yàrá kan tí kò ní ju màtírẹ́ẹ̀sì lọ. Ó ti rù. Ó ń sunkún pé gbogbo ohun tí ẹ ná lé mi lórí ti ṣòfò. Màmá ní, "Ṣé torí owó ni mo ṣe bí ẹ? Gbé báàgì ẹ, ká máa lọ." Wọ́n fà á lọ́wọ́ dé téṣàn. Kóòṣì kan náà ni wọ́n wọ̀ bọ̀.

Òun ni ọkùnrin tó jókòó ní àga ìkẹyìn. Màmá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ kó jáde síwájú, kí ìjọ gbàdúrà fún un. Ìdúpẹ́ yẹn, tirẹ̀ ni.

Ẹ̀rín yẹn sì ni ó gbọ́. Òun ò gbọ́ "Train ni, Màmá." Ibi tó jókòó sí jìnnà. Ohun tó rí ni pé ìyá rẹ̀ dárúkọ Èkó, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwa náà bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé, "Daddy, ta ló sọ fún wọn pé wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́?" A ṣàlàyé fún un. A ní rélùwéè ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Kò gbà wá gbọ́. Ó ní kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín báyẹn nítorí rélùwéè.

A ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí i látìgbà náà. Ní Ọjọ́rú tó kọjá a bá a lóko, òun àti Màmá ń fa ẹ̀gẹ́ tu. A mú ọmọkùnrin tó béèrè ìbéèrè nípa ayaba Ṣébà dání, nítorí òun náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọpẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó bẹ̀bẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gbé àpò ẹ̀gẹ́ dé ẹ̀bá títì. A ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn orin ìyìn, Màmá máa parí ẹ̀rí wọn. Wọ́n ní rélùwéè làwọn máa pè é. Ọmọ wọn ò tíì sọ pé òun máa wá, ẹ fi í sínú àdúrà yín láti òní lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aago méje ààbọ̀ ni ká rí yín, ẹ̀yin lẹ máa to àga. Ẹ to méjì síwájú.